Fáìlì Láti Yàrá Dé Pálọ̀ Kò Nílò Dátà

Ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo ló ti ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ báyìí. Síbẹ̀, bí ẹni tó wà ní yàrá bá fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní pálọ̀, WhatsApp tàbí íméèlì ni wọ́n ń gbà. Fáìlì ọ̀hún á jáde nílé, á kọjá sí òkè òkun, á dé inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀, á tún ṣẹ́rí padà wá sí Òkè-Fíà, á jẹ dátà lálọ, á jẹ dátà lábọ̀. Ògiri kan péré ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára gan-an, torí ohun tí ì bá gbé fáìlì náà kọjá lọ́fẹ̀ẹ́ ti wà nínú ilé, ó jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù: ráútà, àpótí kékeré tó ń fún ilé ní Wi-Fi.

Íntánẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé lọ́tọ̀. Bí dátà bá tán pátápátá, kọ̀ǹpútà méjì tó wà lórí ráútà kan náà ṣì lè máa bára wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa gbé fídíò tó tóbi fún ara wọn láìná kọ́bọ̀. Iná ráútà ni kó ṣáà ti wà. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì yìí sọ́tọ̀ lọ́kàn, ibi tí nǹkan kò sọnù sí ló ti máa wá a. Mo mọ ẹni tó ra dátà tuntun nítorí pé laptop rẹ̀ kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lórí tábìlì kan náà.

Nílé tiwa, ẹ̀rọ wa kò bára jọ rárá. Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ń lo desktop àtijọ́ tó ní Windows 7. Àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, orí rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìtàn ìdílé wa. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú lórí Mac tòkunbọ̀ kan. Ìyàwó mi ní laptop Windows 11. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni tèmi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò.

Àwọn ènìyàn á ní Mac àti Windows kì í bára wọn gbé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá yàtọ̀. Apple gbé Macintosh jáde ní 1984, Microsoft gbé Windows àkọ́kọ́ jáde ní 1985. Ní ti Linux, ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni Linus Torvalds, tó ń kàwé nígbà náà ní Helsinki, kéde pé òun ń kọ ọ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 27, ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ tí Òṣogbo sì di olú-ìlú rẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí i pé ojúgbà ni Linux àti ìpínlẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní èdè kan tí gbogbo wọn gbọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ká pín fáìlì. SMB lorúkọ rẹ̀. IBM ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Microsoft gbà á, wọ́n sọ ọ́ di ti Windows. Lẹ́yìn náà, Andrew Tridgell, tó ń kàwé ní Canberra ní Australia, fara balẹ̀ wo ohun tó ń kọjá lórí wáyà láàárín kọ̀ǹpútà méjì, ó sì kọ ètò tí yóò máa dáhùn bí ẹni pé òun náà gbọ́ èdè ọ̀hún. Ètò yẹn ló di Samba, tí a ń lò lórí Linux títí dòní. Nígbà tó di 2013, Apple náà sọ SMB di ọ̀nà àkọ́kọ́ tí Mac fi ń pín fáìlì. Nítorí náà, bí àwọn ẹ̀rọ yìí kò bá ríra wọn, ẹ má fi ìdílé tí wọ́n ti wá ṣàwáwí. Nǹkan kan pàtó ló ń dí wọn lọ́wọ́, a sì lè wá a rí.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò: ṣé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni wọ́n wà? Ní ìlú wa, MiFi ti wọ́pọ̀, ẹlòmíràn á tún tan hotspot fóònù mọ́ ọn, ilé kan ṣoṣo á wá ní Wi-Fi mẹ́ta. Àbúrò mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ bá mi wò ó, mi ò rí kọ̀ǹpútà Bàbá mọ́ o. Àbí wọ́n ti pa á ni?" Kọ̀ǹpútà Bàbá wà ní títàn. Mo ní kó ṣí Settings kó ka àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí Mac rẹ̀ ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fún mi. Ó kà á: 192.168.8.102. Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ Bàbá, mo tẹ ipconfig sínú fèrèsé dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt, ó gbé 192.168.1.14 jáde. Ẹ wo nọ́ńbà kẹta nínú méjèèjì. 8 ni ti Mac, 1 ni ti Bàbá. MiFi tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni Mac ti lọ so mọ́ fúnra rẹ̀, torí ó mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì rí i nítòsí ju ráútà lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwọn méjèèjì, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ní Ìgbóná kò lè retí kí ará Òkè-Baálẹ̀ wá ṣí i. A dá Mac padà sórí ráútà, kọ̀ǹpútà Bàbá sì yọjú.

Bí nọ́ńbà tí ẹ rí bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ̀rọ náà bèèrè àdírẹ́sì, kò rẹ́ni fún un, ló bá fún ara rẹ̀. Ẹ lọ wo wáyà, ẹ lọ wo ráútà, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ tún wò ó bóyá Wi-Fi àlejò lẹ wà. Ìyẹn ni èyí tí ráútà yà sọ́tọ̀ kí àlejò lè rí íntánẹ́ẹ̀tì láì rí ẹ̀rọ onílé. Ọmọ ilé tó bá wọ ibẹ̀, ráútà á kà á sí àlejò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń ping, ìyẹn ni pé mo máa ń pe ẹ̀rọ kejì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti mọ̀ bóyá ó máa dáhùn. Mo ping laptop ìyàwó mi láti orí Linux, kò sí èsì. Bàbá tó jókòó tì mí ní, "Ó ti kú nìyẹn." Mo ní, "Bàbá, kò kú o. Ó ń gbọ́ wa, wọ́n kàn ní kó má dá àjèjì lóhùn ni." Bí Windows ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ bá so Windows 11 mọ́ Wi-Fi tuntun, ó máa ka ibẹ̀ sí gbangba, ìyẹn Public, kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ rí òun. A ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ráútà nígbà náà ni. Lójú tiwa, ilé kan náà la ṣì wà, ṣùgbọ́n lójú Windows a ti kó lọ.

Ohun tí àwọn kan máa ń ṣe bó bá dé ibí yìí ni pé kí wọ́n pa firewall, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà, pátápátá. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìyàwó mi ń gbé laptop yẹn lọ síbi iṣẹ́, ó ń so ó mọ́ Wi-Fi ilé oúnjẹ àti ti òtẹ́ẹ̀lì tó bá lọ fún ìpàdé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń bí wa nínú nílé ló ń dáàbò bò ó níta. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Network & internet, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi ilé, ẹ yí Public sí Private. Ilé nìkan ni àyípadà yẹn kàn.

Bí ping bá dákẹ́, mo tún ní ọ̀nà mìíràn tí mo fi ń bèèrè. Láti orí Linux tàbí Mac, mo máa ń tẹ nc -zv 192.168.1.14 445. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà Bàbá ló wà nínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà 445, tí wọ́n ń pè ní port, sì ni SMB ń gbà. Bó bá dáhùn pé succeeded, ẹ má wo wáyà mọ́, ẹ má wo ráútà mọ́, ọ̀rọ̀ ti ku ti orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Bó bá ní refused, kọ̀ǹpútà ọ̀hún wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ lọ wò ó bóyá a ti pín fódà kankan rárá. Bó bá dákẹ́ títí tí àsìkò fi kọjá, firewall ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Mo fẹ́ràn ìbéèrè kékeré yìí ju gbogbo àmì pupa àti àmì ewéko tí Windows máa ń fi hàn wá lọ, torí èsì rẹ̀ ń sọ ibi tó yẹ ká lọ.

Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ló gba sùúrù jù nílé wa. Bàbá kò fi pásíwọ́ọ̀dù sórí desktop wọn. Wọ́n ní, "Ta ni mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ nínú ilé ara mi?" Mi ò lè bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n Windows ní òfin kan tí kì í sọ síta: orúkọ tí kò bá ní pásíwọ́ọ̀dù, ẹni tó jókòó níwájú ẹ̀rọ nìkan ló lè fi wọlé, kì í gbà á láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ní láárí, torí bí kò bá sí òfin yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí Wi-Fi kan náà á kàn máa wọlé ni. Ohun tí a ṣe ni pé mo dá orúkọ kejì sílẹ̀ lórí desktop náà, mo fún un ní pásíwọ́ọ̀dù, mo sì fún un láṣẹ lórí fódà kan ṣoṣo. Orúkọ yẹn ni àwa yòókù ń lò láti ọ̀nà jíjìn. Bí Bàbá bá tan ẹ̀rọ wọn, orúkọ méjì ni wọ́n ń rí báyìí, wọ́n á tẹ tiwọn, wọ́n á bá iṣẹ́ wọn lọ.

Linux náà ní tirẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń wọ Linux kọ́ ni Samba ń lò, ó ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ tó ń kọ orúkọ sí, àfi kí ẹ fi smbpasswd -a fi ara yín kún un. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí, wọ́n á máa tẹ pásíwọ́ọ̀dù tó tọ́ lé ara wọn, Samba á máa lé wọn padà. Bákan náà, fódà tí a ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìsí pásíwọ́ọ̀dù kò wúlò fún Windows 11 Pro mọ́ láti ẹ̀dà 24H2. Windows fúnra rẹ̀ ló ń kọ̀ láti wọ ibi tí wọn kò ti bèèrè ẹni tí òun jẹ́. Ẹ fún gbogbo ará ilé ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, ẹ máa ní ìsinmi.

Ìmọ̀ràn kan wà tí ẹ máa rí káàkiri tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má gbà: pé kí ẹ tan SMB1 padà. Ẹ̀dà àtijọ́ SMB ni. Ihò kan nínú rẹ̀ ni kòkòrò WannaCry gbà wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè tó tó 150, tí dókítà nílé ìwòsàn ìjọba ní England kò fi lè ṣí ìwé aláìsàn. Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde ní oṣù Kẹta ọdún yẹn. Ọ̀pọ̀ ni kò gbé e sórí ẹ̀rọ wọn. Kí 2017 tó parí, Windows 10 tuntun kì í tan SMB1 mọ́, Samba náà sì jáwọ́ ní 2019. Windows 7 pàápàá, bó ṣe dàgbà tó, gbọ́ SMB2. Kò sí ohun kankan nínú ilé wa tó nílò SMB1, ó sì ṣeé ṣe kó má sí nínú tiyín.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti iná díẹ̀. Bí iná bá lọ tó sì dé, ráútà náà á kú, á jí, nígbà mìíràn á sì pín àdírẹ́sì lákọ̀tun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní 192.168.1.20 láàárọ̀ á bọ́ sí 192.168.1.23 nírọ̀lẹ́, laptop á máa rán ìwé sí àdírẹ́sì tí kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́, wọ́n á ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti bàjẹ́. Mo wọ inú ráútà, mo wá ibi tí wọ́n ń pè ní address reservation, mo so nọ́ńbà MAC (kì í ṣe Mac ti Apple o) tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ̀ mọ́ àdírẹ́sì kan. Iná lè lọ kó dé bó ṣe fẹ́. Bátìrì róbótó inú desktop náà wà, CR2032, tó ń jẹ́ kó rántí ọjọ́ àti aago. Bó bá ti kú, tí iná bá lọ, ọjọ́ tí ẹ̀rọ ń kà á padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Fáìlì tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ á wá dàbí èyí tó ti pẹ́ jù, ètò tó ń fi ọjọ́ mọ fáìlì tuntun á sì fò ó dá. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo ra tiwa ní Ọlá-Ìyá.

Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ti orúkọ fáìlì, torí àwa tó ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn ló ń bá fínra ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Àbúrò mi di fódà àwòrán kan pọ̀ sínú zip lórí Mac rẹ̀ tó ti pẹ́, mo tú u sórí Linux, sínú ibi tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wo ibẹ̀, fáìlì méjì ló ń jẹ́ Ìpàdé Ọmọ Òṣogbo. Lẹ́tà kan kò yàtọ̀, àmì kan kò yẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í gbà kí fáìlì méjì jẹ́ orúkọ kan nínú fódà kan, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀.

Mo tẹ orúkọ méjèèjì jáde ní nọ́ńbà, bí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe ń kà á. Ọ̀nà méjì ló wà láti kọ lẹ́tà ọ, èyí tó ní àmì nísàlẹ̀. A lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan tó dá dúró, E1 BB 8D. A sì lè kọ lẹ́tà o lásán, 6F, kí á wá fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, CC A3. Bó ti wù kó rí, ojú kan náà ni yóò hàn sí. Wọ́n tún gùn bára wọn: báìtì mẹ́ta, báìtì mẹ́ta. Mac àtijọ́ máa ń tú lẹ́tà sí wẹ́wẹ́, á ya àmì sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà kó tó kọ orúkọ fáìlì pa mọ́. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí èmi ń lò ń kọ ọ́ ní odidi. Linux kì í dá sí i, bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ fún un ló ṣe ń fi í pa mọ́, Windows náà bẹ́ẹ̀. Èyí ló fà á tí Bàbá fi ń wá fáìlì tó wà níwájú wọn, tí ẹ̀rọ ń sọ pé kò sí. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan sọ fáìlì rẹ̀ lórúkọ lè lo kọ̀ǹpútà títí ayé kó má pàdé rẹ̀.

Àwọn kan sọ fún mi pé kí á kúkú yọ àmì kúrò nínú orúkọ fáìlì, kí á máa kọ Ipade Omo Osogbo. Ó rọrùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá kọ́ ọmọ ní Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n máa kọ ọ́ ní àkọdànù. Ètò kan wà lórí Linux tó ń jẹ́ convmv. Ẹ ní kó sọ gbogbo orúkọ di ẹ̀dà kan ṣoṣo, èyí tó ń kọ lẹ́tà bí ọ ní odidi, tí wọ́n ń pè ní NFC, á wọ inú fódà dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó máa kọ́kọ́ fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn yín láì tíì ṣe é, ẹ ka ibẹ̀ dáadáa, torí ó máa sọ ibi tí orúkọ méjì ti fẹ́ kọlu ara wọn, kí ẹ tó fi --notest sí i, èyí tó ń sọ fún un pé kó wá ṣe é. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ Mac wọlé ń gba ibẹ̀ kọjá, orúkọ fáìlì wa sì wà pẹ̀lú àmì wọn.

Ó ku desktop Bàbá. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró lórí Windows 7, kò yẹ kó máa jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Bàbá kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀, ọwọ́ wọn ti mọ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo wọ inú ráútà, mo dí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀rọ yẹn nìkan, mo fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé sílẹ̀ fún un. Ìyẹn kò pa gbogbo ewu, kòkòrò ṣì lè gba ara laptop wa tàbí flash wọ ibẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń ṣe ẹ̀dà fódà wọn sórí Linux ní alaalẹ́. Fóònù ni wọ́n fi ń ka ìròyìn. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ wọn kò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n wá bèèrè bóyá àkọsílẹ̀ ìpàdé ṣì máa jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo ní kí wọ́n rán ọ̀kan kí wọ́n wò ó. Wọ́n rán ti oṣù tó kọjá, ojú ìwé mẹ́rin, ó jáde tán pátá.